Ìyá Kòkòrò Inú Fìríìsà

Àbúrò mi obìnrin ló sọ ìtàn yìí fún mi nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fọ ife kan ṣoṣo láìdáwọ́ dúró.

Yàrá àyẹ̀wò ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń sin kòkòrò àìfojúrí tí ń wọ inú ẹran, tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n lè fi dán oògùn apakòkòrò wò. Ìyá kòkòrò náà, èyí àkọ́kọ́ tí gbogbo ìyókù ti ṣẹ̀ wá, wà nínú fìríìsà. Òfin wọn ni pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n ti máa bu tuntun. Ṣùgbọ́n yìnyín máa ń ta àbúrò mi lọ́wọ́, ló bá ń ti inú àwo àtijọ́ bu sínú tuntun. Èyí tó bá sì sanra jù ló ń ṣà.

Oògùn kan dé, èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún àwọn alápatà. Lọ́wọ́ àbúrò mi, kòkòrò kú pátá. Lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, àgbà ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, kò kú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kì í fọwọ́ mọ́ ni?" ni àbúrò mi wí lójú gbogbo èèyàn. "Àbí ojú ló ti ń ṣe bàìbàì?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá wọn." Ọ̀gá wọn ní kí Jẹ́jẹ́ lọ máa fọ ìgò.

Kí wọ́n tó fọwọ́ sí oògùn náà, wọ́n yẹ àbùdá kòkòrò méjèèjì wò. Ti Jẹ́jẹ́ bá ìyá mu. Ti àbúrò mi ti yí padà: ohun tó fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ oògùn ti sọnù. Oúnjẹ pọ̀ nínú àwo, kò sí ìjà. Ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ló ti ń tọ́.

Ó yé mi. Nígbà tí mo kọ́ ìwé lágbà, ìlà òkè tí olùkọ́ kọ ló ní ká máa wò. Èmi ń wo èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Kí n tó dé ìsàlẹ̀, "a" mi ti di ọ̀pọ̀lọ́.

Àbúrò mi lọ bá Jẹ́jẹ́ nídìí ìgò, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ padà sáyè yín."

"Mo gbọ́. Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù." Ó ń nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di àwo mú. O mọ ọwọ́ mi."

Ojú gba àbúrò mi tì débi pé bàtà ọkùnrin náà nìkan ló lè wò.

Jẹ́jẹ́ bọ́ kóòtù funfun rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgò. Bàtà náà yí, ó gba iwájú fìríìsà kọjá, kò bojú wẹ̀yìn.