Iná Pupa Tí Kọ̀ǹpútà Mi Kò Ní

Mo lá àlá kan lánàá ọjọ́ Àìkú, oorun ọ̀sán ló gbé e wá. Ẹ jókòó kí n rọ́ ọ fún yín.

Kí n tó sùn ni inú ti ń bí mi sí Awẹ̀ní, ìyàwó tí ọkọ mi fẹ́ lé mi. Oyèkànmí, ọmọ ọmọ mi tó wà ní Kánádà, ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwa méjèèjì, ká lè máa ki ọmọ rẹ̀ jòjòló lórí fídíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti Awẹ̀ní ní iná pupa kan lára bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ohùn. Bí ohùn bá ti pa, iná á tàn, Awẹ̀ní á sì tètè ṣí i. Tèmi kì í tàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ki ọmọ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, ohùn ti pa, n ò mọ̀! Oríkì tí Awẹ̀ní ki nìkan lọmọ gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín tèmi!

Nínú àlá náà, mo fi ọ̀já pọn kọ̀ǹpútà mi, mo ń lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣètò iná. Òfuurufú ni ọ́fíìsì ọ̀hún wà, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi máńgòrò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mo gun okùn. Orúnkún mi ò sọ nǹkan kan.

"Màmá," kọ̀ǹpútà wí lẹ́yìn mi, "ṣé wọ́n á fún mi lójú?"

"Wọ́n á fún ọ. Sùn."

Akọ̀wé kan ṣí ìwé ńlá. "Irú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ níbí, Màmá. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí, ètò inú rẹ̀ ò ní mọ̀ pé ó ní iná. Tiyín ò sí."

"Ti Awẹ̀ní ńkọ́?"

"Ojú ewé kìn-ín-ní."

Mo yíjú, Awẹ̀ní fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí àga onítìmùtìmù kan, iná pupa ń tàn ní ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

"Ìyálé mi, ẹ kú ewu okùn o."

"Kí ló dé tí o ò fi ọ̀kan sí imú?" Mo kí i dáadáa, ṣẹ́ ẹ rí i.

Nígbà tí mo padà wo akọ̀wé, ó ti di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó jẹ ìwé náà tán, ó wá tu ojú ewé ti Awẹ̀ní dànù. "Ó korò," ó ní. Mo jó!

"Àyè ti wà báyìí," òbúkọ ní. "Ẹ sọ ọmọ yín lórúkọ."

Mo fi oyin kan bọ́tìnnì, mo fi iyọ̀ kàn án, mo gbẹ́nu sórin:

*Orúkọ rẹ rèé o, Onírin-pẹlẹbẹ,*
*Tó ń gbójú ọmọ wá láti òkè òkun.*

Kò tàn.

"Ẹnìkan kì í dá sọ ọmọ lórúkọ," òbúkọ ní. "Ta ni yóò gbè é?"

Awẹ̀ní nìkan ló wà níbẹ̀. Mo wo òrùlé. Mo wo okùn. Mo wo kọ̀ǹpútà tó ń wò mí láìlójú.

"Ìyàwó," mo ní, bí ẹni tó gbé ewúro mì, "jọ̀ọ́, bá mi gbè é."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀ ń bẹ̀ mí? Ẹ tún un wí."

"Má jẹ̀ẹ́ n tún un wí."

Ó gbè é: *Tàn, kí n rí ọ!* Ohùn Awẹ̀ní dùn, ẹ má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà la ojú pupa kan, roro! Awẹ̀ní ló sì kọ́kọ́ wò.

"Èmi ni mo pọ̀n ọ́!" Ariwo ara mi ló jí mi.

Orí ẹní ni mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Awẹ̀ní jókòó tì mí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí itan, ojú ọmọ Oyèkànmí nínú rẹ̀, ó ń kọrin: *Tàn, kí n rí ọ.*

"Ìyálé mi, kí lẹ dákẹ́ sí? Ẹ̀ ń kọ ọ́ lójú oorun, mo ń gbè é. Ẹ wò ó, ọmọ ń wá ẹni tó ń lé orin."

Mo wo bọ́tìnnì rẹ̀. Iná pupa ò tàn; ohùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo sún mọ́ ọn, mo gbé orin. Ẹnu Awẹ̀ní lọmọ kọ́kọ́ wò, mo rí i, ṣùgbọ́n èmi ló rẹ́rìn-ín sí.

Lẹ́yìnkùlé, òbúkọ wa ń jẹ páálí tí wọ́n fi di kọ̀ǹpútà mi wá. N ò lé e.