Ìṣẹ́jú Kan Lórí Rédíò

Onígbàjámọ̀ kan ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kí èèyàn ní "ẹ káàárọ̀", ọ̀sán a fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n kó tó parí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ kí ẹlòmíì tó fi ṣe é. Àfi bó ṣe dìde tó ní òun ń dá ẹgbẹ́ akólòlò sílẹ̀! Ilé-ẹ̀kọ́ kan yá a ní gbọ̀ngàn, òun nìkan ló sì ń dá jókòó síbẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ àga. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti wá là á mọ́lẹ̀: bí ẹnikẹ́ni ò bá wá ní Sátidé, àwọn oníjó lòun máa gbé gbọ̀ngàn fún.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn ló kọ́kọ́ sá lọ, torí ìyẹn ò ní ní kó lanu. Wọ́n tẹ ìkéde rẹ̀ sábẹ́ ti àwọn tó ń ta ọkọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá, ó sì ń béèrè bóyá táyà ọkọ̀ náà ṣì dáa. Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Kí gbogbo ayé máa wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n? Ká má rí i.

"Rédíò ni, baba wọn," ìyàwó rẹ̀ ní. "Akólòlò tó bá gbọ́ yín á mọ̀ pé èèyàn òun ni."

"Ìwọ lọ b-b-bá mi sọ ọ́."

"Èmi? Pẹ̀lú ẹnu mi tó ń já ṣòòròṣò yìí? Wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa."

Ni ó bá gba ilé-iṣẹ́ rédíò lọ. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fún un. Ìkíni nìkan jẹ ìdajì rẹ̀. Ó sọ ti ẹgbẹ́, ó sọ ti Sátidé, nígbà tó kan ibi tí gbọ̀ngàn wà, ọ̀rọ̀ rì sí i lọ́fun bí ọkọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò nawọ́ sókè: àkókò ti tán. Onígbàjámọ̀ kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́: o ti pe gbogbo ìlú síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Fóònù dún.

"Ẹ̀lò? Ẹ̀lò?" Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mirí. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀." Ó nawọ́ kó gé e.

Onígbàjámọ̀ gbá a lọ́wọ́ mú, kò tilẹ̀ rántí bẹ̀rù. "Ẹ m-má gé e! Ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń bọ̀."

Wọ́n dúró. Wọ́n ń gbọ́ èémí ẹnì kan. Níkẹyìn, ohùn obìnrin jáde: "N-n-níbo ni gbọ̀ngàn yẹn w-wà?"

Onígbàjámọ̀ fà mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wo aago, ó mí kanlẹ̀, ó sì fara ti àga.

"Ẹ má kánjú, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Orin ló yẹ kó kàn. Orin á dúró."