Mo Mú Un, N Kò Ní Mu Ún

Kò sí ẹni tó mọ Séverin ní Issaba tí kò mọ ìjà tí òun àti ọtí jọ jà. Kí ó tó gba Jésù, òun fúnra rẹ̀ ló ń se ẹmu di sódàbì lẹ́yìn ilé, òun náà sì ni oníbàárà tó ń mu jù. Ẹni tó bá ń wá a nígbà náà, kó wo inú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ta àgbá tó fi ń pọn ọtí, kò fẹnu kàn án mọ́. "Kì í ṣe pé kò wù mí o," ló máa ń wí, "mo kàn sọ fún un pé rárá ni."

Wàyí o, àwọn ará Aguidi, ní ìhà Sakété, ń bọ̀ wá tọrọ Merveille fún ọmọ wọn Brice. Bàbá Merveille ti kú, Séverin àbúrò rẹ̀ ló sì tọ́ ọmọ náà dàgbà. Àṣà ìdílé wọn kò gba àwíjàre: ẹni tó bá dúró bí bàbá ìyàwó gbọ́dọ̀ mu nínú ọtí àna. Bí kò bá mu, ó kọ ọkọ nìyẹn, kí àlejò máa palẹ̀ mọ́.

Marcelline ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. "Ọkọ mi, ẹ lọ sí Ahoyéyé, kí Léonce àbúrò yín jókòó dípò yín. Ṣebí Jósẹ́fù sá fún ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ni, kò dúró jiyàn."

"Wọn kò wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Jósẹ́fù lọ́jọ́ náà," Séverin dá a lóhùn. "Ọlọ́run tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú ilé mi."

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Basile, àgbà tó ṣáájú wọn, ṣí ìgò, ó kọ́kọ́ mu tirẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé kò séwu, ó wá rọ òmíràn kún gíláàsì kékeré, ó nà án sí Séverin. "Àna wa, ẹ mu ún."

Òórùn rẹ̀ kan Séverin nímú, itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká parọ́, ọtí náà wù ú gan-an. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún un: ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nítorí ọmọ ni, ṣebí Pọ́ọ̀lù náà ní kí Tímótì máa mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀? Séverin fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Inú kò kúkú run ún. Ó sì mọ ẹ̀ẹ̀kan péré yẹn dáadáa, òun ló máa ń sìn ín dé inú kòtò.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba gíláàsì, ó dìde. "Àna mi, mo mú un. Ṣùgbọ́n n kò ní mu ún."

Merveille, tó kúnlẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, fọwọ́ bo ẹnu. Ojú Basile pọ́n. "Ṣé ẹ kọ ọmọ wa ni?"

"Ọmọ yín, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọtí ni mo kọ̀. Nígbà tí mò ń mu ún, òun ló ń mú mi. Bí ó bá tún mú mi lónìí, ta ni ẹ máa rí bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí tọkọtaya bá ń jà? Jésù ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀, n kò ní fi ẹsẹ̀ ara mi rìn padà sí oko ẹrú." Ó gbé gíláàsì kalẹ̀ níwájú Basile. "Bí àṣà bá ní dandan kí n mu nǹkan, ẹ fún mi lómi."

Basile wò ó títí. Ẹ̀rù ba Marcelline débi pé ó gbàgbé àdúrà tó ń gbà. Níkẹyìn, Basile rẹ́rìn-ín, ó ní kí Merveille bu omi wá. Àgbà náà ló kọ́kọ́ mu, Séverin gbà á, ó mu ún tán pátápátá. Àwọn obìnrin bú sórin.

Basile wá yíjú sí Brice, ó fà á létí. "Ọmọ, ṣọ́ra o. Bàbá ìyàwó rẹ kì í mutí. Omijé yòówù tó bá rí lójú ọmọ rẹ̀, ó rí i dájú ni."