Mú Ìwé Rẹ Dání

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sáré, fò kọjá lókè orí Orrin Haskett, géńdé alátakò mẹ́ta sì ti ń já bọ̀ wá bá a bíi màlúù tó já okùn.

Àṣẹ Kóòṣì Lundy kò ní àlàyé kankan nínú: bí bọ́ọ̀lù tí Dewey, akẹgbẹ́ rẹ̀, jù sẹ́yìn kò bá bọ́ sọ́wọ́ Orrin, kó ṣubú lé e, kó má mira. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pé bí àwọn yòókù bá sáré títí tí wọn ò rọ́nà lọ, kó jáde wá gbá bọ́ọ̀lù jìnnà sọ́dọ̀ alátakò.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ nìkan la gbà síṣẹ́," Lundy ti sọ ọ́ láàárọ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́. "Ìyókù ara rẹ, máa fi sílé."

"Ẹlẹ́sẹ̀!" Dewey gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kí lo tiẹ̀ ń fọwọ́ ṣe? Ṣé hámbọ́gà nìkan lo fi ń jẹ ni?"

Ẹ̀rín wọn dun Orrin wọra. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Idaho, básíkẹ́tì ló ń gbá nígbà òtútù. Bí yìnyín bá ti yọ́, yóò ju ọ̀kọ̀ tán lórí pápá kan, yóò fo ọgbà lọ gbá bésíbọ́ọ̀lù lórí ìkejì, lọ́sàn-án kan náà. Ní Buffalo níbí, ẹnikẹ́ni ò bi í rí.

Eré ìdánrawò tó kẹ́yìn nìyí. Bó bá parí, Pickett arúgbó, ìránṣẹ́ kóòṣì, yóò wọ yàrá ìmúra, yóò máa fọwọ́ kan èjìká àwọn tí wọn ò fẹ́ mọ́. Gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ: "Kóòṣì ń pè ẹ́. Mú ìwé rẹ dání." Ìwé tí wọ́n ya gbogbo ọgbọ́n ẹgbẹ́ sí ni. Ẹni tó bá dá a padà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orrin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò ṣubú. Ó fò sókè bí ẹni tó wà lábẹ́ àwọ̀n básíkẹ́tì, ó fi ìka gbá bọ́ọ̀lù náà wálẹ̀, ó ṣà á nílẹ̀ bíi ti bésíbọ́ọ̀lù, ó sì ré lọ sápá òsì. Àyè ò sí fún ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó fi tòsì gbá a. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti adágún odò ẹ̀gbẹ́ ìlú gbé e, ó ta, ó yí, ó sì jáde létí ìlà ilé àwọn alátakò, ibi tó dára jù tí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ lè dé. Ariwo ayọ̀ sọ.

"Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?" Lundy pariwo mọ́ ọn.

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

Nígbà tí Pickett dé, kálukú ń wo bàtà ara rẹ̀. Orrin ti gbé ìwé lé itan ní tirẹ̀ kí ọwọ́ arúgbó náà tó kan èjìká rẹ̀.

"Sọ pé o ò ní dán an wò mọ́," Lundy sọ ní ọ́fíìsì, "kó o gbé ìwé rẹ padà, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ."

"Bó bá tún fò kọjá lórí mi, sà, màá tún gbé e."

Lundy nawọ́ sí ìwé náà. Orrin rọra fi ìwé náà lélẹ̀ sórí tábìlì, ó sì jáde.

Dewey ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Haskett," ó ní, orúkọ tí kò pè é rí, "èmi ni mi ò ju bọ́ọ̀lù yẹn dáadáa."

"Mo mọ̀. O ṣeun."

Lọ́la, Orrin yóò máa pe àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lórí fóònù láti wá iṣẹ́. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣíná, ìka rẹ̀ sì ta á. Èjìká ń ro ó, eegun ìhà ń ro ó, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì ti wú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni kò dùn ún. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ ibi tó ń dùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Idaho, kò tíì fi gbogbo ara rẹ̀ ṣeré débi tó rẹ̀ ẹ́ báyìí.