Ikọ́ Tíṣà

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ọmọbìnrin ìyá aránṣọ ní Nọ́ọ̀sì, nítorí láti kékeré, kò sí bèbí ìṣeré rẹ̀ tí kò di àkísà mọ́ lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó fara pa. Odindi ọdún kan ni Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì fi kọ́ ọ ní ìṣirò àti físíìsì ní yàrá iwájú ilé rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan. Ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń múra dè. Bí èyí bá fi bọ́, ó parí nìyẹn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí ọmọ náà á ti kọjá iye tí wọ́n ń gbà.

Orí rẹ̀ pé, àmọ́ ó ní àléébù kan: bí nọ́ńbà bá ré àmì ìdọ́gba kọjá, ó máa ń gbàgbé láti yí àmì rẹ̀ padà. Bó bá ti fẹ́ ṣe é báyìí, Tíṣà á rọra wúkọ́. Pẹ́ńsù á dúró, ọmọ á pa á rẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì gún régé.

Ìyàwó Tíṣà máa ń pariwo láti ilé ìdáná pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣubú díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń ṣe báyìí, ikọ́ yín ni wọ́n máa fún ní ìwé ẹ̀rí!"

Tíṣà á rẹ́rìn-ín. Kí ọdún náà tó parí, ìyàwó rẹ̀ ti dolóògbé, kò sì sẹ́ni tó tún bá a wí mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí èsì jáde, ìyá aránṣọ mú ọmọ rẹ̀ wá.

"Ẹ kú ilé, sà. Nọ́ọ̀sì ò yege o. Ìṣirò ló gbé e ṣubú."

"Ìṣirò kẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀, ọmọ mi?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Mo kọ ìlà kan, mo dúró. Mo kọ ìkejì, mo tún dúró. Ẹ̀yin ni mò ń retí, sà. Nígbà tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo rò pé gbogbo ẹ̀ tọ̀nà."



"Á wá jókòó ti maṣíìnì lọ́dọ̀ mi," ni ìyá aránṣọ wí. "Abẹ́rẹ́ ṣáà ni nọ́ọ̀sì náà ń lò." Òun fúnra rẹ̀ kò lè rẹ́rìn-ín sí àwàdà náà.

Tíṣà fa bébà kan yọ, ó kọ ìṣirò kan sí i. "Jọ̀ọ́, bá mi ṣe ẹyọ kan yìí."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. Ní ìlà kẹta, ó ṣìnà. Ọ̀fun Tíṣà ń yún un, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà ṣe é dópin, ó gbójú sókè wò ó. Tíṣà ń wo ilẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ náà tó tún tẹrí ba, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ iṣẹ́ rẹ̀ láti òkè.

"Áà! Ibí ni. Mi ò yí àmì yìí padà."

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Nínú gbogbo ọdún yẹn, Tíṣà kò fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́rin bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ má bínú sí mi," ni Tíṣà wí, kò tiẹ̀ mọ èwo nínú àwọn méjèèjì lòun ń bẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ gbìyànjú," ni ìyá aránṣọ dáhùn. Ó ní oníbàárà ń dúró de òun ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde.