Ẹ̀rọ Omi Orí Òkè

Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni ìjọba fún àdúgbò wa ní Iléṣà lọ́dún 1970, ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò sì gbé e sí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Orí òkè ni ìdajì àdúgbò wà, ìdajì kejì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Odò yẹn la ti ń pọn láti ìgbà tí a ti dáyé. Ibẹ̀ náà la ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ti ń mumi, kí Ọlọ́run dárí jì wá.

Julianah ló nílò ẹ̀rọ yìí ju gbogbo wa lọ. Ìsàlẹ̀ ni ilé búrẹ́dì rẹ̀ wà. Obìnrin méje là ń gbé igbá búrẹ́dì rẹ̀ kiri, èmi náà wà níbẹ̀. Èrè ìdí rẹ̀ ni mo fi ń rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Ṣùgbọ́n wolé-wolé ti wá kìlọ̀ pé òfin tuntun ti dé: ẹni tó bá ń fi omi odò po fúláwà, wọn yóò ti ilé búrẹ́dì rẹ̀ pa. Wọ́n ní kó wá omi tó mọ́ kí Kérésìmesì tó dé.

Silas, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì omi ìjọba ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo. Òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Òun gan-an ni wọ́n rán sí àwọn àgbà wa láti bá wọn sọ ibi tí ẹ̀rọ yóò wà. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì la ti ṣèpàdé náà, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi.

Silas dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jẹ́ ká gbé e sísàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń ti omi wá kò lágbára tó láti gbé e gun òkè yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi bá wà nísàlẹ̀, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹni tó ń rẹ aró, ẹni tó ń se ẹ̀kọ, gbogbo wọn á ríṣẹ́ ṣe. Ìlú tí kò bá lómi tó mọ́, òwò á sá kúrò níbẹ̀."

Bàbá Ògúnjìnmí ni olórí àdúgbò, téńté orí òkè sì ni ilé rẹ̀ wà. Ó wúkọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Silas, ṣé ọmọ tí mo sọ lórúkọ ni yóò kọ́kọ́ mu omi ìjọba kó tó kan ulé mi? Níbo ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ fọ́mọdé kí wọ́n tó bu fágbà?"

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Omi kì í wojú àgbà. Ìsàlẹ̀ ló máa ń wá."

"Ìsàlẹ̀ níbi tí ilé búrẹ́dì ìyàwó rẹ wà, àbí?" Ọmọ́tọ́ṣọ́, bàbá ìjọ wa, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ni gbogbo ìpàdé bá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ó sì dùn mí wọra. Òótọ́ ni Silas ń sọ, ṣùgbọ́n ó ti dà bíi pé tara rẹ̀ nìkan ló ń rò. Ìtìjú mú un. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó ní bí àwọn bàbá bá ti fẹ́ ni kó rí. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní ẹnu àgbà lobì í ti í gbó, ó parí. Julianah tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà, omi sì tú yàà lórí òkè. A jó, a kọrin ìyìn. Àpìkẹ́, ìyàwó Bàbá, ló kọ́kọ́ pọn. Arúgbó ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Inú bí mi, n kò ní purọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi kò gun òkè mọ́. A yí ẹ̀rọ títí, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Wolé-wolé padà wá, ó fi àgádágodo ti ilé búrẹ́dì Julianah. Àwa tí à ń kiri jókòó sílé. Àwọn oníbàárà wa láti Ẹ̀sà-Òkè wá lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò rí nǹkan rà, wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Gbogbo wa sì padà sódò. Ta ni yóò jókòó kí òùngbẹ pa á?

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni àrùn onígbáméjì wọ ìlú. Àpìkẹ́ tún ti ń ru omi odò gun òkè nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ní inú ń run òun. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú bá a.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo fúnra rẹ̀, ó wá Silas lọ sí ọ́fíìsì. Silas sọ fún wa pé bí òun ṣe fẹ́ dọ̀bálẹ̀ ni Bàbá di òun lápá mú. "Ẹ gbé e lọ sísàlẹ̀," ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí òjò tó dé, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sísàlẹ̀. Wọ́n yí i, omi tú. Gbogbo wa ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú korobá. Àgbà ni yóò kọ́kọ́ pọn, bí àṣà wa, nítorí náà a yà lọ́nà fún Bàbá. Ọjọ́ náà ni wolé-wolé ṣí ilé búrẹ́dì Julianah padà, fúláwà sì ti wà nílẹ̀ tó ń dúró de omi. Síbẹ̀, Julianah kò kánjú. Ó gbé korobá tuntun lé Bàbá lọ́wọ́.

Bàbá wo omi náà. Kò bẹ̀rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti gbé Àpìkẹ́ níyàwó ló ti ń ru omi gun òkè fún mi," ó wí, kò sì wojú ẹnikẹ́ni. "Nípàdé ọjọ́sí, ọ̀rọ̀ àgbà ni mo ń sọ. Kì í ṣe tìtorí àgbà. Ọrùn ló ń dun ìyàwó mi. Ojú ń tì mí láti sọ ìyẹn láàárín ọkùnrin. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ní kí wọ́n gbé e sókè."

Silas bojú. Julianah gba korobá náà lọ́wọ́ Bàbá, ó pọn ọ́n kún, ó gbé e rù, ó sì kọjú sí òkè. Bàbá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń sunkún bí ọmọdé.