Ọ̀pá Ìbọn Tuntun Méjì

Ọ̀rẹ́ ni Ebenezer àti Gbóyèga, àmọ́ tí o bá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìbọn, wàá rò pé ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n ń jà sí. Ará Èkìtì ni Ebenezer, olùkọ́ yunifásítì ni, Ìbà ló sì ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Ọlábísí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Gbóyèga, Bàbá Faith, ní tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ló ń tà ní Alábà. Ọdẹ ṣíṣe ló so wọ́n pọ̀. Ìbọn wọn jọra bí ìbejì, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń gbé e lọ sí oko tí Ebenezer dá lẹ́yìn Ìjanikin, níbi tí ọ̀yà ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ láìtọrọ àgò.

Nígbà tó yá, ọ̀pá irin tí ọta ń gbà jáde nínú ìbọn méjèèjì dógùn-ún. Wọ́n gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ, ìyẹn sì fi ọ̀pá tuntun sí méjèèjì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ebenezer ti ka nǹkan lórí fóònù. Ó ní ọ̀pá tuntun kì í ṣe ohun tí à ń tì sẹ́nu iṣẹ́ lójijì, ṣe ni kí á tọ́ ọ. Kí á yin ọta kan, kí á ki aṣọ bọ inú rẹ̀, kí á nù ún títí aṣọ yóò fi jáde ní funfun, kí á fi òróró pa á, kí á tó tún yin òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni kí á máa ṣe é títí inú rẹ̀ yóò fi máa dán.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìbọn ni àbí ọmọ ọwọ́?" Gbóyèga bi í. "Tó bá ti jẹun tán, ẹ ó wẹ̀ fún un? Ẹ kúkú pọ̀n ọ́n."

"Inú irin tuntun ṣì rí págunpàgun. Tí o kò bá tọ́ ọ, kò ní yìn tààrà láéláé."

"Èmi ti nu tèmi lẹ́ẹ̀kan, ó tó o. Bí a bá ṣe ń yìn ín ni yóò máa gbọ́n."

Ìrọ̀lẹ́ kan kì í lọ kí wọ́n má gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní pálọ̀ Ọlábísí. Obìnrin náà kò ráyè gbọ́ ìròyìn mọ́. Èyí tó wá dùn ún jù ni ọjọ́ tó wá ìró àdìrẹ tó fẹ́ ró lọ sípàdé ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì bá a ní gígé wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike òróró ìbọn.

"Bàbá Níyì, kí ló dé sí ìró mi?"

"Ó ti gbó," ni Ebenezer wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ̀yin náà ti gbó, mi ò gé yín."

Níkẹyìn, wọ́n ní àwọn yóò dán an wò kí ọ̀rọ̀ tán. Torí pé ìbọn wọn jọra, Ebenezer so okùn pupa mọ́ ìdí tirẹ̀, Gbóyèga so aláwọ̀ ewé mọ́ tirẹ̀. Wọ́n bẹ Ọlábísí kó tẹ̀ lé wọn lọ ṣe adájọ́, torí kò sẹ́ni tó gba ojú ẹnìkejì gbọ́ nínú wọn.

Nígbà tí wọ́n dé oko, wọ́n gbé páálí kan ti ara òkìtì iyẹ̀pẹ̀, wọ́n fi èédú kun àmì roboto sí àárín rẹ̀. Wọ́n gbé ìbọn méjèèjì, láìkì í, ti igi ọsàn, wọ́n sì lọ wo ibi tí ọ̀yà gbà kọjá lóru. Ọlábísí jókòó lórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀pà tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò fọwọ́ kan ìbọn kankan. Láti kékeré ni ẹ̀rù ìbọn ti ń bà á.

Wọ́n padà dé, kálukú fi okùn dá tirẹ̀ mọ̀, ó sì ki ọta sí i. Gbóyèga ló kọ́kọ́ yìn. Etí páálí ni ọta rẹ̀ gbé lọ. Ebenezer náà wá yìn, ó sì bà á láàárín gbùngbùn.

"Ẹ̀kọ́ ilé!" Ebenezer pariwo, ó ń jó yí ebè ká. "Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Ìbọn tèmi lẹ́kọ̀ọ́, ìpáǹle ni tìẹ!"

Ó jó, ó tún jó. Ọlábísí wò ó. Ó rí i pé ìyangàn yìí yóò bá àwọn délé, yóò bá àwọn dórí bẹ́ẹ̀dì, yóò sì bá àwọn ṣọdún Kérésì. Ó pa ẹ̀pà kan sẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o," ó wí jẹ́jẹ́. "Nígbà tí ẹ lọ wo ojú ọ̀nà ọ̀yà, mo pààrọ̀ àwọn okùn yẹn. Ti Bàbá Faith ni mo so pupa mọ́."

Ijó dúró. Gbóyèga bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ gbá itan.

"Ìbọn tèmi ló bà á! Èyí tí mi ò wẹ̀ fún!"

"Dúró ná," ni Ebenezer wí. "Ta ló yìn ín? Ṣé ìbọn ló ń yin ara rẹ̀ ni? Ọwọ́ ọdẹ ló ṣe é. Ọ̀pá kò já mọ́ nǹkan kan."

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá ni gbogbo rẹ̀! Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ!"

Wọ́n ṣe é títí òógùn fi bò wọ́n. Ẹni tó ti fi odindi ìró tọ́ ìbọn ló wá ń búra pé irin lásán ni ọ̀pá. Ẹni tó ti ń fi í ṣẹlẹ́yà ló ń sọ pé kò sóhun tó tó ọ̀pá gidi láyé.

Ọlábísí gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára.

"Àmọ́ ṣá o, mo rò pé nígbà tí mo gbóhùn yín lọ́ọ̀ọ́kán, ojú tì mí, mo dá àwọn okùn náà padà. Àbí mi ò dá wọn padà? Ẹ jẹ́ n rántí ná."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ìbọn, wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú tọwọ́ yín wá. Tèmi ni."

"Ṣé o dá a mọ̀ ni?" Ebenezer gbá ìbọn mọ́ àyà.

"Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ dá a mọ̀?"

Kálukú di ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àpò. Wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n wọ mọ́tò. Ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n ń sọ bọ̀ lọ́nà, àti ti iye tí epo dà. Ọlábísí jókòó sẹ́yìn, ó ń gba atẹ́gùn.

Ní Okokomaiko ni Gbóyèga ti bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpò ìbọn léjìká. Ó rìn díẹ̀, ó sì padà wá síbi fèrèsé ẹ̀yìn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Níyì, nítorí Ọlọ́run, ṣé ẹ̀ẹ̀kan lẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni àbí ẹ̀ẹ̀mejì?"

Ebenezer fi gbogbo ara yí sẹ́yìn níbi tó jókòó sí nídìí ọkọ̀, ó na etí.

"Ẹ bá mi kí Ìyá Faith o," ni Ọlábísí wí, ó sì yí gíláàsì sókè.